Àbíkú: Ọ̀ràn tí ó Rú Àwọn Baba Wa Lójú

Ohun púpọ̀ ni ń bẹ nínú ayé yìí tí òye ènìyàn kì í tètè tó. Àwọn kan nínú wọn kò pa wá lára bí a kò tilẹ̀ mọ ìdí wọn: ènìyàn lè jẹun kí ó sì sùn láìmọ ohun tí ń mú òṣùmàrè yọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bẹ tí àìmọ̀ wọn a máa mú ẹkún wọ inú ilé. Ọ̀kan nínú irú èyí ni ọ̀ràn àwọn ọmọ tí àwa Yorùbá ń pè ní àbíkú. Òun ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ fún àwọn baba wa. Ohun tí wọ́n fi ojú rí kì í ṣe irọ́. Wọ́n rí i pé nínú ilé kan àwọn ọmọ ń dàgbà. Nínú ilé kejì, tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú odò kan náà, ọmọ ń kú tẹ̀ lé ọmọ. A ó bí ọmọ náà ní pípé. Fún oṣù mélòó kan yóò máa sanra, yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ẹyinjú rẹ̀ yóò dà bí ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, yóò sì máa ké ní òru nítorí ìrora egungun. Lónìí a ó rò pé ó ti kú tán. Ní ọ̀la a ó tún rí i tí ó ń ṣeré. Títí di ọjọ́ tí kò ní dìde mọ́. Ọmọ tí a bá bí tẹ̀ lé e lè tún ṣe irú àìsàn kan náà. Ẹni tí ó rí èyí, kí ni ìbá wí? Wọ́n wí pé ọmọ kan náà ni ń lọ tí ń bọ̀.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n a so ṣaworo irin mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Bí ó bá kú, ẹlòmíràn a fi àpá sí òkú rẹ̀ lára kí ó má baà padà wá. Owó tán, oògùn kò jẹ́, òwe sì jáde pé àbíkú sọ olóògùn di èké. Èyí tí ó burú jù ni pé ìyá ọmọ ni a sábà máa ń dá lẹ́bi.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ tàn sí ọ̀ràn yìí jìnnà sí ilé wa. Ní ọdún 1910, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn James Herrick kọ ìròyìn nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ erékùṣù Grenada, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ènìyàn dúdú tí a kó ní ẹrú kọjá òkun. Nígbà tí wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí róbótó ti tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń kórè. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara ni àléébù náà wà. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn bí ó ti kéré tó. Èròjà náà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: nínú okùn kan tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 146, ẹyọ kan ṣoṣo, ìkẹfà, ni ó yàtọ̀.

Ẹyọ kan yìí ni ó fa gbogbo ìyọnu náà. Hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ a máa há sí ojú iṣan tí ó tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Hóró tí ó yẹ kí ó lò tó 120 ọjọ́ kì í lò ju 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyí tí ẹyinjú fi ń pọ́n tí ara kò sì lágbára. Ní oṣù àkọ́kọ́, irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ lò nínú oyún ṣì ń bẹ lára rẹ̀, òun ni ó ń dáàbò bò ó. Àìsàn yìí ni a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. A kò wí pé òun nìkan ni ó pa gbogbo àbíkú. Ibà, gìrì, ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbóná pa púpọ̀ pẹ̀lú.

Báwo ni ó ti ń wọ inú ilé? Olúkúlùkù ọmọ gba ìpín kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ìpín tí ó pé ni a ń pè ní A, èyí tí ó ní àléébù ni S. Ara ẹni tí ó jẹ́ AS a máa le, ó sì lè má mọ̀ rárá. Bí AS bá fẹ́ AS, ó dà bí ẹni pé bàbá àti ìyá ń ju kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, tí ojú kan jẹ́ A, tí èkejì jẹ́ S: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Kọ́bọ̀ kì í sì í rántí èyí tí ó ti ṣe. Ẹni tí ó ti bí SS kan kò tíì bọ́. Bí ewu ti rí tẹ́lẹ̀ náà ni ó rí nínú oyún tí ń bọ̀. Ìpín kẹta ń bẹ láàrin wa, C. S pẹ̀lú C, àìsàn ni pẹ̀lú. Ẹ kíyèsí i pé ọwọ́ méjèèjì ni ó jù ú. Kò tọ́ kí a dá ìyá nìkan lẹ́bi.

Ohun ìyanu kan kù. Èé ṣe tí ohun tí ń pa ọmọ kò fi run láàrin ènìyàn? Ní 1954, Anthony Allison, oníṣègùn tí a tọ́ dàgbà ní Kenya, fi hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í lè pa ọmọ tí ó jẹ́ AS bí ó ti ń pa ọmọ AA. Ohun tí ń pa ọmọ kan ni ó ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí! Nítorí náà ni ó fi pọ̀ ní ilẹ̀ ibà: ní Nàìjíríà, ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tí ó ní S, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ pé ó tó 150,000 ọmọ tí a ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àìsàn náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìjọ púpọ̀ a máa béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so yín pọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nígbà tí a bá ti ra aṣọ ẹbí, tí ọkàn sì ti fà mọ́ ọkàn. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà kí ẹ tó fẹ́ ara yín sọ́nà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ SS wà nílé yín, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Pẹnisílínì ní ìgbà èwe, àbẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdáàbòbò lọ́wọ́ ibà, àti oògùn hydroxyurea láti ọwọ́ oníṣègùn ti mú púpọ̀ dàgbà di bàbá àti ìyá. Ní òpin ọdún 2023, Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tí ń tún ìpín inú ẹ̀jẹ̀ ṣe, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ rékọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ náà ní àbíkú. Ọmọ tí ń ké ní òru kò bá ẹgbẹ́ ọ̀run mulẹ̀. Egungun ni ń dùn ún. Ẹ fún un ní omi mu, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.