Ogun òkèèrè àti kẹ́ẹ̀gì epo ọ̀nà Ìdírókò

Ọ̀nà tó gba Owódé Yewa lọ sí ẹnubodè Ìdírókò, ọ̀nà epo ni. Ó ti pẹ́ tí bẹntiróòlù ti ń gbabẹ̀ bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin, nínú kẹ́ẹ̀gì, lórí ọ̀kadà, nínú mọ́tò tí wọ́n ti tú ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á lọ́hùn-ún, kpayo ni wọ́n sì ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìwà ará ẹnubodè ló bí fàyàwọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ owó ló ń gbé epo sọdá, ìjà àwọn alágbára ayé sì wà lára ohun tó ń mú ìyàtọ̀ náà fẹ̀ sí i.

Nàìjíríà ń wa epo rọ̀bì, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìfọpo Port Harcourt, Wàrí àti Kàdúná dẹnu kọlẹ̀, òkè òkun la ti ń ra bẹntiróòlù. Rọ́ṣíà ya wọ Yúkíréènì lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta, àgbá epo rọ̀bì kan ti kọjá dọ́là 120. Ó yẹ kí èyí dùn mọ́ ẹni tó ń ta epo. Àmọ́ epo fífọ̀ náà gbówó lórí, ìjọba kò sì jẹ́ kí ará ìlú san iye tó jẹ́, owó ìrànwọ́ ló fi ń dí àlàfo náà. Ní oṣù Kẹrin, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ₦4 tírílíọ̀nù fún un. Èrè àwọn onífàyàwọ́ wá ń ga sí i. Dísẹ̀lì kò ní owó ìrànwọ́ ní tirẹ̀: láàárín ọdún yẹn, lítà kan ti kọjá ₦700, ẹni tó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó gàrí lọ sí Èkó sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyà tó dùn mí jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí. Ẹnubodè ti wà ní títì láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ní oṣù Kọkànlá, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹni tí kò ṣe fàyàwọ́ rí, tó kàn ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, òun náà jẹ nínú ìyà yẹn. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìdírókò kò ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó lé ní ₦500. Kpayo wọ́n ní Benin, fàyàwọ́ sì rọlẹ̀ ju bí ìbọn àti ìdènà ojú ọ̀nà ti mú un rọlẹ̀ rí. Kò tọ́jọ́. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà owó, ó sì ń já wálẹ̀. Séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, kò bá a já, nítorí Yúró ni wọ́n so ó mọ́, séfà 655.957 sí Yúró kan. Epo tó wọ́n lójú ẹni tó ń gba náírà tún di ọ̀pọ̀ lójú ẹni tó mú séfà lọ́wọ́. Ní ọdún 2024, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún gbé ikọ̀ Operation Whirlwind dìde sí àwọn onífàyàwọ́ epo.

Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí, tó lè fọ àgbá 650,000 lóòjọ́, ti ń ta bẹntiróòlù láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Mo yọ̀ sí i. Síbẹ̀ iye tí ayé ń ta epo rọ̀bì ló ń tẹ̀ lé, ó sì ń ra díẹ̀ lára rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ísírẹ́lì àti Ìráànì kọjú ìjà síra wọn ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹ̀rù ba ọjà pé ojú omi Hormuz lè dí, níbi tí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo ayé ń gbà. Kò dí nígbà náà. Àmọ́ Dangote ti gbé owó lítà kan kúrò ní ₦825 sí ₦880 ná. Nígbà tí ìjà náà rọlẹ̀, ó dín in kù sí ₦840.