Eyín Ìsàlẹ̀: Ṣé Ká Yọ Ọ́ Ni Tàbí Ká Tọ́jú Rẹ̀?

Bí eyín ìsàlẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré bá ṣẹ́kù lẹ́nu àgbàlagbà, tó sì ń dùn ún, àwọn ọmọ á ní, "Àlàájà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, a ó ṣe àtọwọ́dá fún yín." Ẹ rọra ná.

Àtọwọ́dá ti òkè máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ti ìsàlẹ̀ ò rí àjà lẹ̀ mọ́, ahọ́n á sì máa tì í kiri téèyàn bá ń jẹun tàbí tó ń ké Kùránì. Egungun àgbọ̀n pàápàá máa ń súnkì lẹ́yìn tí eyín bá kúrò, àgàgà láàárín ọdún kìíní, ohun tó bá ẹnu mu lónìí á wá máa yọ̀. Eyín méjì péré tó fìdí múlẹ̀ níwájú lè bá a dì í mú.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà eyín pé èwo ló ṣeé dí, èwo ló ṣeé tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó ti ń mì púpọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. (Oògùn apakòkòrò tí ẹ ń rà lọ́wọ́ wa ò lè dí ihò eyín o!) Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun.

Bó bá di àtọwọ́dá, ẹ máa yọ ọ́ lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Omi gbígbóná máa ń jẹ́ kó wọ́.