Bí A Ti Lè Dènà Àrùn Àtọ̀gbẹ

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àrùn àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti ń wọ inú ara. Kí òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ tó fi í hàn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti lè máa pọ̀ sí i láti ọdún púpọ̀ wá. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè fọ́ ojú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, egbò kékeré sì lè di ohun tí a ó torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Oúnjẹ tí a jẹ a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Oje kan wà nínú ara tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ínsúlínì. Òun ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹran ara, kí ó lè di agbára. Nígbà tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, pàápàá nínú ikùn, tí ènìyàn kò sì ṣe iṣẹ́ agbára, ẹran ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì mọ́ bí ó ti yẹ. Irú àtọ̀gbẹ yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun nìkan ni a sì ń sọ níhìn-ín. Èyí tí ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe kì í ṣe ẹ̀bi oúnjẹ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń gba àwọn tí ó sanra jù níyànjú láti dín oúnjẹ kù kí wọ́n sì máa rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ràn, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rí. Ní ọdún 1986, ní ìlú Daqing ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò lára ènìyàn 577 tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga, ṣùgbọ́n tí kò tí ì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìlànà oúnjẹ, àwọn kan ní ìdárayá, àwọn kan ní méjèèjì. Àwọn ìyókù kò gba ẹ̀kọ́ àkànṣe. Lẹ́yìn ọdún 6, àrùn náà ti mú bí 68 nínú 100 àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́. Nínú àwọn tí a kọ́, kò ju 46 lọ.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996, a kó ènìyàn 3,234 jọ ní ibi ìwòsàn 27, a sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kan gba oògùn metformin. Ìkejì gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Ìkẹta ni a fún ní olùkọ́. Olùkọ́ náà kọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ 16 láàrin ọ̀sẹ̀ 24. Ohun méjì ni a béèrè: kí ẹni tí ó wọn kílò 100 dín kílò 7 kù, kí ó sì máa rin kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, èyíinì ni ìlàjì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún.

Nígbà tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, ẹ̀kọ́ ti borí oògùn. Lọ́dọọdún, àtọ̀gbẹ mú 11 nínú 100 àwọn tí ó gba hóró lásán, bí 8 nínú àwọn tí ó lo metformin, àti bí 5 péré nínú àwọn tí a kọ́. Àwọn tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún ni ó jèrè ẹ̀kọ́ náà jù. Nítorí náà kí àgbàlagbà má ṣe wí pé ó ti pẹ́ jù fún òun. Irú èso kan náà ni ìwádìí ilẹ̀ Finland ti fi hàn ní ọdún 2001.

Àgbẹ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ lọ oko, tí ó sì ń kọ ebè, ti ṣe ju ìṣẹ́jú 150 lọ. Ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó nídìí tábìlì ní ìlú, tí ó sì ń jẹ iyán bí ẹni tí ó ti oko dé, ni kí ó ṣọ́ra. Kí ẹni tí ó sanra jù, tàbí tí òbí rẹ̀ ní àrùn náà, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí ẹni tí ó ti ń lo oògùn má ṣe torí ìrìn jù ú nù láìbéèrè lọ́wọ́ oníṣègùn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.