Ta Ló Máa Yára Jù Nínú Omi?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ ibí.

Ta ni ò rántí February 2021? Yìnyín bo Texas, iná lọ, omi dì nínú páìpù. Àwa tá a rò pé a ti fi ọ̀rọ̀ NEPA sílẹ̀ lẹ́yìn, la tún ń wá àbẹ́là kiri! Báwo la ṣe ń tọ́jú iná pamọ́ gan-an?

Gbogbo wa la mọ bátìrì. Ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ supercapacitor. Kì í gba iná tó bátìrì, kò lè tanná fún wa mọ́jú, àmọ́ kíá ló ń kún, kíá ló sì ń tú u jáde. Ní Houston wa níbí, ní Rice University, àwọn ẹgbẹ́ James Tour fi iná laser sọ ike di èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní 2014, wọ́n sì fi ṣe irú rẹ̀ kékeré. Omi tó ní ásíìdì ni wọ́n lò sí i. Oore omi ni pé kì í gbiná.

Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ion wà, hóró tín-ín-tín tó ń gbé iná. Èwo ló máa yára jù nínú lithium, sodium àti potassium? Lithium ló kéré jù, ẹ ó ní òun ni. Rárá o! Bí potassium bá rìn dé 100, sodium á dé bíi 68, lithium á dé bíi 53 péré. Kí ló fà á? Lithium di omi mọ́ra pinpin, bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀ tó fẹ́ sáré.

Kọ̀ǹpútà ló ń jẹ́ ká fojú rí i. Ní 1971, Rahman àti Stillinger kó hóró omi 216 sínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èkejì, ó sún wọn díẹ̀, ó tún ṣírò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é dòní, ti ion náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ dán èyí wò nílé: omi tútù nínú ife kan, omi gbígbóná nínú èkejì (kí Mọ́mì tàbí Dádì bù ú o). Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ kán zobo sí méjèèjì. Èwo ló kọ́kọ́ tàn kálẹ̀? Òtútù ń fa ion náà sẹ́yìn: bí omi bá fẹ́ dì, ìrìn wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọmọ wa ló máa ṣe èyí tó dára jù lọ, lágbára Ọlọ́run.