Báwo ni remix ijó ṣe ń jí orin hip-hop àtijọ́ dìde?

Ṣé ẹ ti wà lóde àríyá rí, tí DJ fi orin kan sí i, tí àwọn ọmọdé sáré bọ́ sójú agbo, tí àwọn àgbà náà sì ń kọ orin ọ̀hún látòkè délẹ̀? Àwọn ọmọ rò pé orin tuntun ni. Àwọn àgbà mọ̀ pé orin ìgbà èwe àwọn ni, ìlù ẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Remix nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi orin kan ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́: "It's Like That" ti ẹgbẹ́ Run-DMC.

Níbo lorin náà ti bẹ̀rẹ̀?

Àdúgbò Hollis ní Queens, nílùú New York, ni Joseph Simmons, Darryl McDaniels àti Jason Mizell ti wá. Lọ́dún 1983 ni Profile Records gbé orin yìí jáde, òun sì ni àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe. Kì í ṣe orin fàájì rárá o. Àìríṣẹ́ṣe, ọ̀wọ́n gógó àti ìyà mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀. Ìlù ẹ̀rọ tó ń dún wúwo ló gbé e ró, tí ọkùnrin méjì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu lórí ẹ̀.

Kí ni Jason Nevins ṣe sí i?

Lọ́dún 1997, Jason Nevins, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe orin ijó, gbé orin náà wọ sitúdíò. Kò kọ ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Ohùn àwọn Run-DMC ló fi sílẹ̀, ó wá kó ìlù house, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Chicago, sábẹ́ ẹ̀.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ rèé. Ìlù hip-hop máa ń mú kéèyàn mi orí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ìlù house ń bá sọ̀rọ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì ló ń lọ, kì í dáwọ́ dúró, àfi ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò díẹ̀ kí ara àwọn oníjó lè wà lọ́nà. Gbólóhùn kúkúrú tí àwọn Run-DMC ń pariwo ẹ̀ bá irú ìlù bẹ́ẹ̀ mu gan-an. Ó dà bí aṣọ tó wà nísàlẹ̀ àpótí tí télọ̀ tún rán: aṣọ kan náà ni, àrà tuntun ló dá.

Kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?

Ní oṣù kẹta ọdún 1998, orin náà gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Ó gba ipò kìíní ní Jámánì náà. Àwọn Spice Girls, tí orin wọn mẹ́fà ti gba ipò kìíní léraléra, bá a pàdé lójú ọ̀nà: ipò kejì ni "Stop" tiwọn dúró sí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ipò kẹjọ ni Run-DMC dé jù níbẹ̀, pẹ̀lú "Walk This Way" lọ́dún 1986.

Ta ló wá ni orin náà?

Nǹkan méjì ló ní olówó: orin tí wọ́n kọ, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé remix jáde gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni méjèèjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san fún ẹni tó tún un ṣe. Ìwé àdéhùn ló ń sọ ẹni tí èrè máa bá lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo olórin ni inú ẹ̀ ń dùn. Lọ́dún 1987, ẹgbẹ́ Coldcut tún "Paid in Full" ti Eric B. àti Rakim ṣe, wọ́n fi ohùn Ofra Haza, akọrin ọmọ Ísírẹ́lì, sí i. Eric B. sọ ní gbangba pé òun ò fẹ́ràn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà yẹn ló sọ orin náà dìlúmọ̀ọ́ká ní Yúróòpù.

Ẹ ẹ̀ wá rí i, remix lè gbé orin dé etí tí kò bá má dé láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó jó "It's Like That" ò mọ̀ pé àìríṣẹ́ṣe làwọn ń jó sí. Bí remix kan bá wù yín, ẹ wá ojúlówó ẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin DJ wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́.