Okùn Òkè, Ohùn Ìsàlẹ̀: Èdè-Ìperí fún Kíkọ́ Jìtá Béèsì ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ orin kan ní Ṣàgámù bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé jìtá béèsì kọ́rùn pé, "Ta okùn òkè," ohun méjì ni gbólóhùn náà lè túmọ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ta okùn tí ó wà lókè lóòótọ́, èyí tí ó súnmọ́ àgbọ̀n rẹ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n okùn yìí ni ó nípọn jù, òun náà sì ni ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ó sì lè ta okùn tí ohùn rẹ̀ ga jù, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lápá orúnkún. Kò sí èyí tí a lè pè ní àṣìṣe nínú méjèèjì. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni kò gbọ́n. Èdè-ìperí ni kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Rẹ́mọ gan-an. Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ bá orin kíkọ sílẹ̀ pàdé, ọ̀nà sọ́fà tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ògèrè ní Rẹ́mọ kan náà ni Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà sílẹ̀ ní ọdún 1930. Lónìí, jìtá béèsì ti di ohun èlò orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́ tí ó ń ta á nínú ìsìn ní ọjọ́ Àìkú lè fẹ́ kọ́ ìlà béèsì inú orin sóòlù ní ọjọ́ Ajé. Ìwé wo ni yóò kà? Ọ̀rọ̀ wo sì ni olùkọ́ rẹ̀ yóò fi ṣàlàyé rẹ̀ fún un?

Orin sóòlù kì í ṣe àlejò òní. Ní àwọn ọdún 1960, Geraldo Pino tí ó ti Sàró wá kó orin náà wọ Èkó. Ní ọdún 1966, Orlando Julius gbé àwo Super Afro Soul jáde. Ní ọdún 1970, James Brown fúnra rẹ̀ wá ṣeré ní Nàìjíríà. Ní Detroit, ìlú tí ilé-iṣẹ́ Motown wà, James Jamerson (1936–1983) ni ó ta béèsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí ayé mọ̀ sí sóòlù. Ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni ó fi ń ta okùn, ó sì fẹ́ràn láti máa lo okùn tí a kò tẹ̀ rárá.

Ọ̀nà àkọsílẹ̀ mẹ́ta

Okùn mẹ́rin ni ó wà lára jìtá béèsì: E, A, D àti G. Èyí tí ó nípọn jù ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó tín-ín-rín jù ń gbọ̀n nígbà 98. Ọ̀nà tí ó yá jù láti kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ ni kí a fa ìlà mẹ́rin tí ó dúró fún okùn mẹ́rin, kí a sì kọ nọ́ńbà sórí ìlà láti fi hàn ibi tí a ó tẹ̀ lọ́rùn jìtá. Òdo túmọ̀ sí pé kí a má tẹ okùn náà. Nínú irú àkọsílẹ̀ yìí, okùn tí ó nípọn jù ni ó wà nísàlẹ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ òun ni ó wà lókè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta á. Àdéhùn lásán ni èyí. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, àwọn ará Ítálì tí wọ́n ń kọ orin fún ohun èlò olókùn tí a ń pè ní lúùtù a máa fi okùn tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù sókè ìwé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Faransé a sì máa ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ìlà márùn-ún. Àmì béèsì tí a kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀kán méjì tí ó há ìlà kẹrin láàárín, bí a bá kà á láti ìsàlẹ̀. Ìlà yìí ni ti ohùn F. Ohùn ni ìlà dúró fún níbí, kì í ṣe okùn. A tún máa ń kọ orin jìtá béèsì ní ohùn kẹjọ sókè ju bí ó ti ń dún lọ. Ọ̀nà kẹta ni sọ́fà tí akọrin ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan nínú ìtò ohùn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú béèsì sóòlù ni d, s, d'. Bí C bá jẹ́ d, a ó tẹ okùn A ní 3, okùn D ní 5, okùn G ní 5. Lórí ìlà márùn-ún, àlàfo kejì, àlàfo kẹrin àti ìlà kékeré tí ó wà lókè ni àwọn ohùn wọ̀nyí yóò bọ́ sí. Bí a bá gbé orin náà lọ sí D, nọ́ńbà yóò di 5, 7, 7: ìrísí ọwọ́ kò yí padà, sọ́fà náà kò sì yí padà. Ìlà márùn-ún nìkan ni ìrísí rẹ̀ yí, nítorí pé D bọ́ sórí ìlà kẹta, A sì bọ́ sórí ìlà karùn-ún. Èyí fi hàn pé akọrin Rẹ́mọ tí ó mọ sọ́fà ti ní afárá tí yóò gbé e dé ọrùn jìtá.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà ní àléébù méjì. Èkíní, bí a ti sábà ń kọ ọ́, kì í sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ti pẹ́ tó; bẹ́ẹ̀ àsìkò àti ìdákẹ́ ni ẹ̀mí orin sóòlù. Sọ́fà ní àmì tirẹ̀ fún àsìkò, ìlà márùn-ún sì ní tirẹ̀. Èkejì, ibi mẹ́rin ni a ti lè rí ohùn G kan ṣoṣo: okùn G láìtẹ̀, okùn D ní 5, okùn A ní 10, okùn E ní 15. Nítorí náà, nọ́ńbà tí a kọ fún orin Jamerson lè jẹ́ èrò ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó má jẹ́ ibi tí Jamerson tẹ̀. Ìlà márùn-ún ni Allan Slutsky lò nígbà tí ó tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1989. Ìlà márùn-ún kan náà ni ìdánwò orin WAEC ń béèrè.

Àbá lórí èdè-ìperí

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn: bí ọ̀rọ̀ abínibí bá ṣe rẹ́gí, kí a lò ó, bí kò bá ṣe rẹ́gí, kí a yá ọ̀rọ̀. Lórí ìlànà yìí, àbá mẹ́rin ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ gbé yẹ̀ wò.

Èkíní, kí "òkè" àti "ìsàlẹ̀" jẹ́ ti ohùn nìkan. Kí a fi nọ́ńbà pe okùn: okùn kìn-ín-ní ni ó tín-ín-rín jù, okùn kẹrin ni ó nípọn jù.

Èkejì, kí a má pe béèsì ní "ohùn ìsàlẹ̀", nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sọrí ohùn dò. "Béèsì" ti wà lẹ́nu àwọn akọrin. Kí a jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, "àkọsílẹ̀ ìka" kò bá àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà mu, nítorí pé nọ́ńbà kò sọ ìka tí a ó lò. "Àkọsílẹ̀ ibùtẹ̀" sàn jù: a ṣẹ̀dá ibùtẹ̀ bí a ti ṣẹ̀dá ibùsùn àti ibùjókòó. "Àkọsílẹ̀ ìlà-ohùn" ni kí a pe onílà márùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, kí a má pe àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ní "kọ́kọ́rọ́", nítorí pé yóò dàrú mọ́ ohun tí àwọn olórin ń pè ní kíì. "Atọ́ka F" tó. "Atọ́ka fà" kò dára, nítorí pé fà inú sọ́fà a máa ṣí kiri. F kì í ṣí.

Ìkádìí

Àgídìgbo ni ó ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú àpàlà Haruna Ishola ti Ìjẹ̀bú-Igbó, láìsí ìlà, láìsí nọ́ńbà. Àwọn àgbà sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lù ú. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Etí ni olórí olùkọ́ béèsì títí di òní. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ohun tí òmíràn kọ ní ìlú òkèèrè nílò ìwé pẹ̀lú, olùkọ́ rẹ̀ sì nílò ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò pé méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́fà bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ibùtẹ̀ mọ ọrùn jìtá, kí ó sì parí rẹ̀ sórí ìlà-ohùn. Nígbà náà, bí olùkọ́ ní Ṣàgámù bá ní kí ó ta okùn kẹrin, okùn kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ bá.