Ṣé o mọ̀? Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ ka ìròyìn

Ṣé o mọ̀ pé Abẹ́òkúta ti ń ka ìwé ìròyìn kí Èkó tó ní tirẹ̀? 1859 ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. The Anglo-African, tó ṣíwájú l'Ékòó, di 1863 kó tó dé. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má bínú.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú náà ò tíì ju nǹkan bí 30 ọdún lọ nígbà yẹn? Àwọn tí ogun lé kúrò nílé tí wọ́n wá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, àwọn àti ọmọ wọn ló wá di òǹkàwé.

Ṣé o mọ ẹni tó dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀? Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù ìjọ CMS. Láti 1854 ló ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílùú, ó sì ń fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Iṣẹ́ sùúrù gidi ni: lẹ́tà òjé ni wọ́n ń ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tò ó láti ẹ̀yìn wá síwájú, kó tó lè hàn bó ṣe yẹ lórí bébà.

Eélòó ni ìwé ìròyìn náà? Ọgọ́fà owó ẹyọ. Ogójì-ogójì ni wọ́n ń sin owó ẹyọ mọ́ okùn, okùn mẹ́ta ni wàá kà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Kí ló wà níbẹ̀? Ìròyìn ìjọ, ta ló bímọ, ta ló kú, iye tí wọ́n ń ta òwú. Láti 1860 Gẹ̀ẹ́sì náà wọ inú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé odindi Bíbélì Yorùbá ò tíì sí nígbà yẹn? 1884 nìyẹn dé.

Townsend kan náà tó fún Yorùbá ní ìròyìn lédè wọn, kò fẹ́ kí Àjàyí Crowther, àlùfáà ọmọ Yorùbá, ṣe bíṣọ́ọ̀bù lórí òun. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù náà ní 1864.

Báwo ni ìwé ìròyìn náà ṣe parí? Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, Gómìnà Glover ń na ọwọ́ sí ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá ń pè ní tiwọn, inú bí wọn. Ní 1867 Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: wọ́n ya bo ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé òyìnbó, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn òyìnbó sì kó kúrò nílùú.

Lónìí, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Òkè-Ìlèwó, orúkọ ìwé ìròyìn yẹn ló ń jẹ́.